Ẹ Dáhùn Ìkíni, Ẹ Má Dúró: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó Fẹ́ Dá Lọ sí Mòrókò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láàyè ní abala lẹ́tà kí n lè dá sí ọ̀rọ̀ tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá náà ní ọmọbìnrin òun rí ààyè ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ní ìlú Rabat ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, ṣùgbọ́n òun ti sọ fún un pé kò ní í lọ, nítorí pé obìnrin tí orí rẹ̀ pé kì í dá rìn ní ilẹ̀ Lárúbáwá, jíjí ni wọ́n máa ń jí wọn gbé. N kò bá bàbá jà lórí pé ó ń ṣàníyàn ọmọ rẹ̀. Èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, mo sì ti dá lọ sí Mòrókò lẹ́ẹ̀mẹta: ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti àbẹ̀wò sí ibojì Ṣéù Ahmad Tijani, ẹni tó dá ìjọ Tijaniyya sílẹ̀, ní ìlú Fes, méjì yòókù jẹ́ ti jálámíà àti bàtà aláwọ tí mo lọ rà wá tà. Kò sí ẹni tó jí mi gbé. Owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín àti ìkíni ni wọ́n sì fi gbà á.

Ìlú àtijọ́ Fes, tí wọ́n ń pè ní Fes el-Bali, tí àjọ UNESCO sì kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1981, kì í gba mọ́tò. Àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró débi pé bí ìbaaka tó ru awọ tútù bá ń bọ̀, ògiri ni èèyàn máa lẹ̀ mọ́ kí ó tó lè kọjá, ẹni tó ń dà á á sì máa ké pé "balak, balak", gẹ́gẹ́ bí àwọn alábàárù Gbági ṣe máa ń ké pé kí a yàgò. Ẹnubodè Bab Boujloud, tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró níta tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé nínú, ni mo gbà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi kí mi pé, "Salam alaikum, Mama. Sénégal?" Mo dúró. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn, ilé ni wọn kò ti kọ́ ọ. Mo dáhùn, mo ní Nàìjíríà ni mo ti wá, inú rẹ̀ dùn, ó dárúkọ Okocha, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi, ó sì béèrè bóyá ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí ní Fes. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún mi tàánútàánú pé ọ̀nà tí mò ń gbà lọ ti dí, pé àdúrà ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn náà yí, ó tún yí, ó sì gbé wa dé orí òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta awọ, níbi tí èèyàn ti lè bojú wo ìsàlẹ̀ kí ó rí àwọn kòtò olómi aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ń rẹ awọ sí. Òórùn ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń fún àlejò ní ewé míǹtì tútù kan kí ó máa fi sí imú. Wọ́n fún mi ní tèmi, wọ́n sì gbé tíì wá. Nígbà tí mo ní n kò ra nǹkan kan, ojú àwọn ènìyàn ibẹ̀ yí padà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi wá sì ní kí n san igba dírámù fún iṣẹ́ amọ̀nà. Mo ní ta ló pè é? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nígbà náà, n kò sì mọ ojú ọ̀nà tí mo lè gbà padà. Ọgọ́rùn-ún ni mo san kí n tó bọ́, èyí tó sún mọ́ dọ́là mẹ́wàá. Owó náà kò pa mí, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ ń jà mí lára títí di alẹ́, àgàgà nígbà tí ẹni tó ni ilé tí mo wọ̀ sí sọ fún mi pé ọ̀nà Talaa Kebira tí mo wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà gbangba náà gan-an, pé kì í dí, bí èèyàn bá sì ṣáà ń tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, yóò dé mọ́sáláṣí Qarawiyyin.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ní kíkún ni pé àwọn ìmọ̀ràn tí mo kà kí n tó lọ, àwọn òyìnbó ló kọ ọ́ fún òyìnbó, wọn kò sì bá àrùn tiwa wí. Òyìnbó lè kọjá lára ẹni tó kí i kó má sì dà bí nǹkan kan lójú rẹ̀. Àwa kò lè ṣe é. Ohun tí mo wá kọ́ ni pé kí n fi ẹnu dáhùn kí ẹsẹ̀ mi má sì dúró: "Wa alaikum salam", kí n fi ọwọ́ kan àyà bí àwọn náà ṣe máa ń ṣe, kí n máa lọ. Bí ó bá tún fi ìrànlọ́wọ́ lọ̀ mí, "la, shukran", ìyẹn ni pé rárá, ẹ ṣeun, lẹ́ẹ̀kan péré, láìdúró. Ẹ má sọ ibi tí ẹ ti wá, ẹ má sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í tẹ̀ lé èèyàn kọjá ogún ìṣísẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan máa sọ̀rọ̀ àbùkù síni, kí ẹ jẹ́ kí ó gba ẹ̀yìn etí kọjá.

Àwọn àgbà wa ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, àmọ́ ní Fes àti ní Marrakech, ó ku ẹni tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni kí ẹ bi, nítorí kò lè fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé yín. Ẹ sì lè bi ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́, tàbí ẹni tó ń ta oògùn lẹ́yìn káńtà. Bí ẹ bá fẹ́ amọ̀nà gidi, tó sì yẹ kí ẹ ní in fún ọjọ́ kan ní Fes bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé tí ẹ wọ̀ sí bá yín pe èyí tó ní káàdì ìjọba lọ́rùn, kí ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé ẹ kò fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ní ti ilé náà, àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní riad ni mo fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n dà bí àkòdì àwọn bàbá ńlá wa, tí gbogbo yàrá kọjú sí àgbàlá kan láàárín, tí ẹni tó ni ín sì mọ ìgbà tí èèyàn jáde àti ìgbà tó wọlé. Ìyẹn ni ààbò ẹni tó dá rìn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dá rí wọn lálẹ́ nínú àwọn ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ wọ̀nyí, nítorí náà kí ẹ ṣètò láti dé ní ojúmọmọ, kí ẹ sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n rán ènìyàn wá pàdé yín ní ẹnubodè. Wọ́n á gbé ìwé kan síwájú yín kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà yín sí i fún ọlọ́pàá. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, òfin ìlú wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ìwé ìrìnnà, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ adúláwọ̀ ti yàtọ̀ sí ti òyìnbó pátápátá. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wọ Mòrókò, ojú òpó ìjọba wọn fúnra wọn ni kí ẹ sì ti wo ohun tí wọ́n ń béèrè, kì í ṣe lẹ́nu alágbàtà. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí pé níbi tí omi ti kéré jù láàárín Mòrókò àti Sípéènì, kò ju kìlómítà mẹ́rìnlá lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ tó yí wa ká sì ń gba ibẹ̀ wá ọ̀nà Yúróòpù. Nítorí èyí, bí ọlọ́pàá bá rí adúláwọ̀ tó dá rìn, pàápàá ọkùnrin, ní agbègbè Tangier tàbí Nador, ó lè dá a dúró béèrè ìwé. Ẹ má fi ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀ nínú yàrá ní àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí físà àti òǹtẹ̀ ìwọ̀lú wà sínú fóònù, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì ilé tí ẹ wọ̀ sí sórí bébà kan tí ẹ lè fà yọ. Ní Fes, ìrírí tèmi dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú wọn ti mọ́ àwọn arúgbó onítẹ̀síbà láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Nàìjíríà tó ń wá sí ilé Ṣéù, tó kú síbẹ̀ ní ọdún 1815. Bí mo bá wọ ìró àti bùbá, tí mo fi ìbòrí lé e, "al-Hajja" ni wọ́n ń pè mí, ọmọdé sì ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mi àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí mo pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n fi pamọ́.

Owó wọn, dírámù, kò rọrùn láti rí ní Èkó, kò sì yẹ kí ẹ wá a kiri, nítorí òfin wọn kò gbà kí èèyàn kó ju ẹgbẹ̀rún méjì dírámù wọlé tàbí jáde. Ẹ mú yúrò tàbí dọ́là dání, kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ní báńkì, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, òun ni ẹ máa fi ṣẹ́ èyí tó bá ṣẹ́kù padà. Kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì náírà nìkan. Tòbí tí àwọn ìyá wa máa ń ró sábẹ́ ìró ni mo rán tuntun kí n tó lọ, mo fi àpò méjì sí i. Inú rẹ̀ ni owó ńlá wà, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ló sì wà nínú báàgì ọwọ́. Àwọn ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé tòbí náà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjà nínáà kò ní í ṣòro fún Yorùbá. Kí ẹ kàn mọ̀ pé tíì tí ontàjà gbé wá kì í ṣe gbèsè, ẹ lè mu ún kí ẹ sì dìde. Ohun tó burú lójú wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe burú ní Gbági, ni kí èèyàn dá iye kan, kí ontàjà gbà, kí ó wá kọ̀ láti rà á.

Láti pápákọ̀ òfurufú Mohammed V ní Casablanca, ọkọ̀ ojú irin wà tó ń lọ sí ibùdó Casa-Voyageurs nínú ìlú, ibẹ̀ ni èèyàn sì ti ń wọ òmíràn lọ sí Rabat, Fes, Marrakech àti Tangier. Ọkọ̀ ojú irin wọn mọ́ tónítóní, ó sì dára fún obìnrin tó dá rìn ju ohunkóhun lọ. Èyí tó ń sáré jù, Al Boraq, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ń sáré dé kìlómítà 320 ní wákàtí kan, ó sì ń gba Rabat kọjá lọ sí Tangier. Nínú ìlú, tákísí kéékèèké ló wà, pupa ni ní Casablanca àti Fes, aró ni ní Rabat. "Compteur" ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ kí ẹ tó jókòó, ìyẹn mítà. Bí awakọ̀ bá ní mítà ti bàjẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ń bọ̀. Bí ó bá dúró lọ́nà gbé ẹlòmíràn, ẹ má bẹ̀rù, àṣà wọn ni láti kó tó ẹni mẹ́ta. Lálẹ́, wọ́n máa ń fi ìdajì lé owó mítà. Tákísí ńlá tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ń kó ẹni mẹ́fà, méjì sì ni wọ́n máa ń há síwájú. Èmi máa ń ra ààyè méjèèjì iwájú fún ara mi. Owó rẹ̀ kò pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí orúnkún rẹ̀ máa kan tèmi.

Kò sí irọ́ nínú pé àwọn ọkùnrin máa ń sọ̀rọ̀ sí ọmọdébìnrin tó dá rìn lójú pópó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ọmọ náà gbé ohùn sókè kí ó sọ pé "hchouma", ìyẹn ni pé ohun ìtìjú ni. Àwọn ìyá tó wà nítòsí ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá sí i. Kí ó máa wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Kí ó má jókòó sí ilé kọfí tó bá rí i pé ọkùnrin nìkan ló kún ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oníkéèkì ni àwọn obìnrin máa ń wà. Kí ó sì wá ààyè lọ sí hammam, ilé ìwẹ̀ gbogboogbò wọn, tí ọkùnrin àti obìnrin kì í pàdé nínú rẹ̀. Èèyàn máa ń fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ sára, á jókòó sórí òkúta gbígbóná, obìnrin kan á fi ọṣẹ dúdú rírọ̀ tí wọ́n fi èso ólífì ṣe pa á lára, á sì fi ìbọ̀wọ́ kan tó le bíi kànìnkànìn tuntun bó o láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó já lára mi lọ́jọ́ náà, mo ní kì í ṣe tèmi. Níbẹ̀ ni mo ti sinmi jù ní gbogbo ìrìn-àjò mi, kò sí ẹni tó fẹ́ tà mí ní nǹkan kan.

N kò mọ ẹ̀sìn bàbá tó kọ lẹ́tà náà. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ Kristẹni, kí ó mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè wọ ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí Mòrókò, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti wo Qarawiyyin tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 859. Mọ́sáláṣí Hassan II ní Casablanca, tí wọ́n parí ní ọdún 1993, gba àlejò wọlé ní àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣàìsí o: Kàtídírà Saint-Pierre wà ní àárín Rabat, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kí ó má kó ìwé ìwàásù pélébé dání pín fún ẹnikẹ́ni, nítorí abala 220 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wọn lè sọ ẹni tó bá ń fa Mùsùlùmí kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Kí ó má sì dá sí ọ̀rọ̀ ọba wọn tàbí ti ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ bi í.

Ràmàdánì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti 2018, aago wọn bá tiwa mu, àmọ́ nínú oṣù ààwẹ̀, wọ́n máa ń dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ṣàṣìṣe lórí ọkọ̀. Ní ìgbà ìṣínu, ìgboro á dá wáí, tákísí kan kò ní í sí níta. Ẹ má ṣètò láti dé ìlú tuntun ní àkókò yẹn.

Nọ́ńbà ọlọ́pàá ìgboro ni 19, ti gendarmerie, àwọn agbófinró tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ìlú, ni 177, ti panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn ni 15. Kí ọmọ náà ra síìmù káàdì kí ó tó kúrò ní pápákọ̀, ìwé ìrìnnà nìkan ni wọ́n máa béèrè. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ló ń lọ, kí ó kó aṣọ òtútù dání: ilẹ̀ Fes ní oṣù Kejìlá, lórí àwọn táìlì tí wọ́n fi tẹ́ inú ilé, tutù débi pé ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ sùn.

Ó ku ohun kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wọn, oníhò róbótó méjì ni, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò wọ̀ ọ́ rárá. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, fóònù mi kú mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ mi ní Ìbàdàn sì ti gbà pé wọ́n ti jí mi gbé. Mo ní alásopọ̀ rẹ̀ méjì nílé báyìí. Bí bàbá náà bá yí ọkàn padà, kí ó rán ọmọ rẹ̀ sí mi ní Gbági, màá yá a ní ọ̀kan, kí ó ṣáà bá mi dá a padà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá oníjálámíà,
Ọjà Gbági, Ìbàdàn.